Prescribe àti Proscribe: Èwo Ni "Ṣe É", Èwo Ni "Ó Tì"?

ÌBÉÈRÈ

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá kò tóbi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n rójú kọjá níwájú géètì àdúgbò wa mọ́.

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, gbogbo wa fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sun pàǹtí lójú títì mọ́, nítorí èéfín rẹ̀ ń da àwọn àgbàlagbà àti ọmọ wẹ́wẹ́ láàmú. Alága ní kí n kọ ìkéde, kí n sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó gbámúṣé, kí àwọn ayálégbé tuntun lè mọ̀ pé a kì í ṣe ọmọdé. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì: "The burning of refuse on this street is hereby prescribed." Kọ̀ǹpútà kò fa ìlà pupa sí i. Inú mi dùn sí hereby yẹn gan-an.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá kan tó jẹ́ lọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì dúró níwájú ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ṣeun o. Ó kù kí ẹ sọ fún wa bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni ká máa sun ún, àbí ẹ̀ẹ̀mejì." Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń pè mí ní dókítà. Ìyàwó mi náà ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní proscribe ló yẹ kí n kọ. Mo lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè, orí mi tún dàrú sí i, nítorí ohun tí a bá ti fi pro síwájú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun tí a fara mọ́ ni. Ṣebí ẹni tó bá ń jà fún ìjọba alágbádá là ń pè ní pro-democracy? Báwo ni pro ṣe wá di ká fòfin de nǹkan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye, kí ẹ sì fún mi ní ohun tí mo lè fi máa rántí wọn. Ẹ má dárúkọ mi o.

Akọ̀wé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Akọ̀wé wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ejò yìí bù ṣán.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ìwé ìròyìn, láyé ìjọba ológun, iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ohun tí àwọn akọ̀ròyìn bá kọ, kí n yọ àṣìṣe inú rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àkọlé kan gba abẹ́ ojú mi kọjá. Ó ní ìjọba ti prescribe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan. Ìjọba tó ti ẹgbẹ́ ọ̀hún pa ni mo sọ di ẹni tó ń júwe ẹgbẹ́ náà fún aráàlú bí ìgbà tí wọ́n ń júwe oògùn ibà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, olóòtú wa kò pariwo. Ó fi bírò pupa yí lẹ́tà e kan ṣoṣo po, ó fi sísọ́ọ̀sì gé àkọlé náà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Ó lo bí ọdún kan níbẹ̀. Kò sí àlejò tó wọlé tí kò kà á. Ẹ fi ògiri yẹn sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀.

Ìdáhùn gan-an kò gùn. Ẹni tó bá prescribe nǹkan ti là á sílẹ̀ pé báyìí ni kí ẹ ṣe: oògùn tí dókítà ní kí a lò, ìwé tí iléèwé ní kí àwọn ọmọ kà, iye owó tí fọ́ọ̀mù ìjọba ní kí a san. Ẹni tó bá proscribe nǹkan ti fòfin dè é, ó ti kà á léèwọ̀. Ọ̀kan ń ti ènìyàn síwájú, èkejì ń dí i lọ́nà.

Ìdí nìyí tí àṣìṣe yìí fi burú ju ọ̀pọ̀ àṣìṣe lọ. Bí ènìyàn bá kọ recieve níbi tó ti yẹ kí ó kọ receive, ẹni tó kà á ṣì mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n e tí ẹ fi dípò o níbí ti dorí òfin yín kodò. Lójú ìwé, ẹ̀yin akọ̀wé ti pàṣẹ kí àdúgbò máa sun pàǹtí, ẹ sì fi hereby dè é pinpin. Bí ayálégbé kan bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́, ó lè dáná lónìí kó sì ní àṣẹ yín lòún ń tẹ̀ lé.

Kọ̀ǹpútà kò lè gbà yín, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé atúmọ̀ ni méjèèjì. Ìlà pupa kì í mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Etí náà kò lè gbà yín. Àwọn Òyìnbó tó ni èdè, ìparí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn scribe, ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mì. Ojú nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú tó bá sì ń kánjú kì í rí lẹ́tà kan.

Síbẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ méjì yìí ń sọ kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Ẹ wo ẹni tó lọ tẹ Ifá. Kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ babaláwo, ọ̀rọ̀ oríṣi méjì ni yóò gbọ́. Ọ̀kan ni ẹbọ: Ifá ní kí ó rú báyìí báyìí, kí ó kó nǹkan báyìí báyìí sílẹ̀. Èkejì ni èèwọ̀: láti òní lọ, kò gbọdọ̀ jẹ lámọ̀rín, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ báyìí. Odù kan náà ló lè sọ méjèèjì, láti ẹnu babaláwo kan náà, lórí ẹní kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ẹni tó máa délé kó wá máa bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé, "Ẹran àgbò tí wọ́n sọ yẹn, ṣé wọ́n ní kí n fi rúbọ ni àbí wọ́n ní kí n má jẹ ẹ́?" Prescribe ni ẹbọ. Proscribe ni èèwọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí n mẹ́nu kan Ifá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù: ìwé tí dókítà kọ lé yín lọ́wọ́ kí ẹ mú lọ sí kẹ́míìsì, prescription nìyẹn. Iyọ̀ tó ní kí ẹ má fẹnu kàn mọ́, ẹ lè sọ pé ó ti proscribe rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà wúwo ju iyọ̀ lọ. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ọ̀rọ̀ pro tí ẹ sọ ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ti ń yọ̀. Láti ọdún 1993 tí wọ́n ti fagi lé ìbò June 12, a ti gbọ́ pro-democracy lórí rédíò débi pé pro ti di "mo wà lẹ́yìn rẹ gbágbágbá" létí gbogbo wa. Pro yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ní èdè Látìn, níbi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, pro tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe: síta, sí ojútáyé. Òun ló wà nínú proclaim, tí a máa ń lò bí ọba tàbí ìjọba bá kéde nǹkan. Scribe ní tirẹ̀ wá láti inú scribere, tó jẹ́ kíkọ. Proscribe wá di kí a kọ nǹkan síta gbangba kí gbogbo ayé rí i. Pre sì jẹ́ ṣáájú. Prescribe ni kí a kọ nǹkan ṣáájú ẹni, bí olùkọ́ ṣe máa ń kọ àwòkọ sókè pátákó kí ọmọ tó kọ tirẹ̀ sábẹ́.

Kíkọ ni méjèèjì, akọ̀wé wa. Ibi tí a kọ ọ́ sí ló pín wọn níyà. Ti prescribe wà níwájú rẹ kí o lè máa tẹ̀ lé e. Ti proscribe wà lára ògiri ìlú, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orúkọ rẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ti ògiri yìí, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ kì í tún ṣi proscribe lò mọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní ibi nínú. Bí ará Róòmù bá fẹ́ ta ilé tàbí oko, yóò kọ ọ́ síta kí àwọn olùrà lè mọ̀, proscribere náà ni wọ́n sì ń pe ìyẹn. Tiwa ni pé ilé yìí kì í ṣe títà, tiwọn ni pé títà ni. Kò pẹ́ tí Sulla fi dé.

Ọ̀gágun ni Lucius Cornelius Sulla. Ní ọdún 82 ṣáájú ìbí Jésù, ó borí àwọn ọ̀tá rẹ̀ nínú ogun abẹ́lé, ó wọ Róòmù, àṣẹ ìlú sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n kú pọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn sára pátákó, kí wọ́n gbé e síta ní Forum, gbàgede ìlú níbi tí ọjà, ẹjọ́ àti òṣèlú ti ń pàdé. Òpìtàn Plutarch sọ pé orúkọ 80 ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n fo ọjọ́ kan, 220 mìíràn tún jáde. Ní ọjọ́ kẹta, iye kan náà tún jáde. Ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ti di òkú tó ń rìn. Ẹnikẹ́ni ló lè pa á láìjẹ̀bi, tálẹ́ńtì 2 sì ni owó orí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹrú ló pa olówó rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ló pa bàbá tó bí i. Ẹni tó bá fi í pamọ́ sínú yàrá, ikú ni tirẹ̀ náà. Ìjọba á kó dúkìá rẹ̀, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ wọn láwùjọ.

Ẹnìkan wà tó ń jẹ́ Quintus Aurelius, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó yà sí Forum lọ́jọ́ kan láti ka orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, bí àwa náà ṣe máa ń dúró lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ ka ìwé ìròyìn tí a kò ní rà. Ó ń kà á lọ, ó ń kà á lọ, ó bá kan orúkọ ara rẹ̀. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí ohun tó ṣe. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilẹ̀ dáadáa kan tí òun ní lágbègbè Alba ló ń lé òun kiri. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn fi pa á.

Nígbà tó di ọdún 80 ṣáájú ìbí Jésù, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Cicero gbèjà ọmọ ọkùnrin kan, Roscius ará Ameria. Wọ́n ti pa bàbá ọmọ náà tán kí orúkọ rẹ̀ tó dé inú àkọsílẹ̀. Ẹ̀yìn ikú ni wọ́n tì í bọ̀ ọ́, kí dúkìá rẹ̀ lè ṣeé lù ní gbàǹjo. Cicero ní dúkìá náà tó mílíọ̀nù 6 owó sesterces, ṣùgbọ́n 2,000 ni Chrysogonus, tó ti fìgbà kan jẹ́ ẹrú Sulla, fi rà á. Wọ́n wá yí padà, wọ́n ní ọmọ ló pa bàbá rẹ̀. Cicero gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, okìkí rẹ̀ sì kàn. Ọdún 37 lẹ́yìn náà, Antony, Octavian àti Lepidus, àwọn mẹ́ta tó jọ gba àṣẹ Róòmù, kọ àkọsílẹ̀ tiwọn, orúkọ Cicero wà níbẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ni wọ́n lé e bá, wọ́n gbé orí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ lọ sí Forum, wọ́n sì fi wọ́n hàn lórí pèpéle tí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń bá ìlú sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka Julius Caesar ti Shakespeare níléèwé á rántí ìbẹ̀rẹ̀ apá kẹrin eré náà: ọkùnrin mẹ́ta jókòó, wọ́n ń sàmì sí orúkọ ènìyàn bí ẹni ń sàmì sí ọjà tó fẹ́ rà, ọ̀kan yọ̀ǹda arákùnrin rẹ̀, èkejì yọ̀ǹda ọmọ arábìnrin rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

Olóòtú mi tó lẹ àṣìṣe mi mọ́ ògiri, proscribe ló ṣe mi, ní ti ayé àtijọ́. Mo dúpẹ́ pé kò fi owó lé orí mi.

Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn ológun ló gbé ọ̀rọ̀ náà bọ́ sígboro. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1987, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fòfin de ìwé ìròyìn Newswatch fún oṣù 6, nítorí pé ó tẹ àbájáde iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Political Bureau jáde kí ìjọba tó gbé e síta. Ó kan ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 1988, ó tún kàn wọ́n ní 1992. Ní 1994, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha gbé Decree 6, 7 àti 8 jáde láti ti ìwé ìròyìn Concord, Punch àti Guardian pa, ọ̀rọ̀ náà proscription sì wà nínú orúkọ àwọn òfin ọ̀hún. Títí dòní, òfin Britain tó ń jẹ́ Terrorism Act 2000 ṣì ní àkọsílẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ti proscribe. Oṣù Keje 2013 ni Boko Haram wọ inú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àkọsílẹ̀ orúkọ náà ni, bíi ti Sulla. Ẹgbẹ́, ìwé ìròyìn, ohun tó ní orúkọ tí ìjọba lè kọ síta, ìwọ̀nyí ni proscribe máa ń dì mọ́ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ó wúwo ju iyọ̀ lọ. Ó wúwo ju pàǹtí náà lọ, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ibì kan wà tó máa ń rú àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an lójú, bàbá lọ́yà àdúgbò yín nìkan ni kì í rú. Ènìyàn lè rí prescribe nínú ìwé òfin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, kó wá rò pé akọ̀wé òfin náà ti ṣe irú àṣìṣe yín. Abala 36(12) nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn kan àfi tí òfin tó wà ní kíkọ bá ti sọ ohun tí ọ̀ràn náà jẹ́, tó sì ti la ìjìyà rẹ̀ sílẹ̀. Prescribed ni wọ́n lò fún ìlàsílẹ̀ yẹn, ó sì tọ̀nà. Òfin kan náà ló ń ṣe méjèèjì: ó ń proscribe ìwà, ó ń prescribe ìjìyà. Nínú Criminal Code, abala 390, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló wà fún olè jíjà lásán. Olè ni òfin kọ̀, ọdún mẹ́ta ni òfin kọ.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu mi yẹn? Kọ àti kọ̀. Ẹ ní kí n fún yín ní ohun tí ẹ ó fi máa rántí. Òun ni mo ní, inú ilé wa ló sì wà látọjọ́ yìí. Dókítà kọ oògùn, prescribe nìyẹn. Ìjọba kọ ẹgbẹ́, proscribe nìyẹn. Ṣé ẹ rí i? Mo gbàgbé àmì ohùn ìsàlẹ̀, mo sì sọ ìjọba tó lòdì sí ẹgbẹ́ di akọ̀wé ẹgbẹ́. Kọ̀ ni. Bí àmì kékeré yẹn ṣe ń yí kọ padà sí kọ̀ ni lẹ́tà kan ṣe ń yí prescribe padà sí proscribe. Ọmọ Yorùbá tí kì í ṣi igbá àti ìgbà pè kò ní àwáwí níbí.

Tí ẹ bá tún fẹ́ ohun tí ojú lè dì mú, ẹ wo fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé pr. E ni ti prescribe: ṣe é. O ni ti proscribe: ó tì. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ fi e rántí èèwọ̀, ó sì kó sínú kòtò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Ẹ má gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ.

Kí bàbá lọ́yà má baà tún fi yín ṣeré, ẹ tún mọ̀ pé prescription ní ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn amòfin tí kò kan oògùn. Bí ènìyàn bá ti ń gba ojú ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá láti ọdún gbọọrọ, ní gbangba, láìfi ipá ṣe é, láìtọrọ àyè, ọ̀nà náà lè di ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí èyí ni Prescription Act ti 1832, 20 ọdún sì ni ìwọ̀n tó fi sílẹ̀ fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá dá ìyẹn lé e lẹ́nu nípàdé tó ń bọ̀, yóò ṣíwọ́ ẹ̀rín díẹ̀.

Ó wá ku ìwé tó wà lára géètì. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi proscribe rọ́pò prescribe níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ní kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ènìyàn bá kà á, yóò rò pé àdúgbò yín ní ọmọ ogun. Prohibited ni ọ̀rọ̀ tí ìkéde ojú títì máa ń lò, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, kò sì ní ìbejì tó máa fi ara jọ ọ́. Ẹ sì yọ hereby yẹn kúrò, ó dùn mí láti sọ ọ́. Tí ìpàdé yín bá ti fẹnu kò sórí iye owó ìtanràn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti lo prescribe yín, torí owó ìtanràn ni ẹ là sílẹ̀. Àti pé kí ló dé tí Yorùbá kò lè ṣáájú? Èéfín kì í bi ènìyàn bóyá ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó wọ ojú rẹ̀. Ohun tí èmi ìbá kọ nìyí:

"A kò gbọdọ̀ dáná sun pàǹtí ní àdúgbò yìí. Burning of refuse is prohibited. Ẹgbẹ́ Onílé àti Ayálégbé."

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò lára géètì lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ti orúkọ dókítà tí wọ́n ń pè yín, n kò ní oògùn tí mo lè kọ fún ìyẹn.